Ewé Tútù Tí Kò Sí Nínú Áàpù

Mo fi ẹsẹ̀ mi méjèèjì, tó ti rìn láti Ìfọ̀ dé Ìbàfò láìmọye ìgbà, búra: ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, mi ò bù mọ́ ọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ má pa fóònù dé lágbedeméjì. Ìparí rẹ̀ ni mo torí ẹ̀ kọ ọ́.

1.
Akóredé lorúkọ ọmọkùnrin náà. Mówé ló ń gbé, áàpù ló ń kọ jẹun. Ó mọ iṣẹ́, ẹ jẹ́ kí n má parọ́ mọ́ ọn. Ìgbà tó bá wù ú ló ń jí, ṣòkòtò péńpé ló fi ń jókòó ti kọ̀ǹpútà, owó òkè òkun ló sì ń gbà. Kò sí ohun tí kò ní èrò lé lórí, ojoojúmọ́ ló ń gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. "Ẹni tó ṣì ń jí láago mẹ́rin torí iṣẹ́ Èkó kò tíì ronú." "Ẹ̀wà àárọ̀ ló ń mú ọpọlọ wa sùn." "Títì kọ́ ni wàhálà ìrìnnà wa, àwọn awakọ̀ tí kò fẹ́ kí ẹ̀rọ kọ́ wọn lọ́nà ni."

Bàbá rẹ̀, Alájì Nọ́fíù, ń fi ẹ̀rọ bó ìrẹsì ní Ọ̀fàdà. Ẹni tó bá gbé ìrẹsì wá kò ní lọ kó má rí fọ́tò Akóredé. "Ẹ wò ó dáadáa. Kọ̀ǹpútà ń gbọ́ràn sí ọmọ mi lẹ́nu!"

2.
Akóredé ṣe áàpù fún àwọn onímárúwà. Èrò á fi fóònù pe kẹ̀kẹ́, áàpù á fi ọ̀nà tó kúrú jù han awakọ̀. Awakọ̀ tó bá yà kúrò lójú ọ̀nà yẹn, áàpù á tì í pa títí di ọjọ́ kejì. Kò ní rí èrò gbé.

Ó pè wọ́n jọ ní gáréèjì, ó ṣàlàyé, wọ́n pàtẹ́wọ́. Mùsáfírù dìde. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, ó sì ti pẹ́ nídìí ọkọ̀.

"Ọ̀gá kọ̀ǹpútà, ẹ kú iṣẹ́. Tí ọ̀nà bá bàjẹ́, àwa a máa já ẹ̀ka igi eléwé tútù, a ó fi dínà, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè yà. Ibo la ó já ewé sí nínú èyí?"

Akóredé bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, ewé kẹ̀? Sátẹ́láìtì ń wò yín látòkè, ẹ ń sọ ti ewé!"

"Ẹ má dá a lóhùn, ọ̀gá," ẹnìkan ké láti ẹ̀yìn. "Ewúrẹ́ ló ń sìn!"

Gáréèjì dàrú fún ẹ̀rín.

"Ẹ sáà bá mi gun ọ̀nà ẹ̀yìn ẹ́sítéètì tí áàpù yín ń tọ́ka sí yẹn lẹ́ẹ̀kan, nígbà òjò," Mùsáfírù wí.

"Mo ti gùn ún."

"Oṣù wo?"

"Oṣù kejì."

"Ọ̀gá, ẹ̀ẹ̀rùn nìyẹn."

"Ọ̀nà kan náà ni, bàbá. Ẹ jókòó."

Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń ké "Mẹ̀ẹ̀ẹ̀!" tí Mùsáfírù bá ti wọ gáréèjì.

3.
Áàpù náà ta gan-an. Alájì gba ti ẹ̀ sórí fóònù. Mọ́ṣáláṣí tí kò jìnnà ju ilé kẹta lọ, Alájì á pe kẹ̀kẹ́ láti lọ kírun níbẹ̀! Tí kẹ̀kẹ́ bá dé, á fọwọ́ lu orí kẹ̀kẹ́ náà, á ní, "Ọmọ mi ló ṣe é."

4.
Oṣù kẹfà dé. Òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹrin, ikọ́ fée Alájì gbéra, oògùn tó máa ń fín sẹ́nu sì ti tán. Toyyibah, àbúrò Akóredé, pe kẹ̀kẹ́ pé kó gbé wọn lọ sílé ìwòsàn ní Mówé. Mùsáfírù ló dé.

Wọ́n dé oríta ẹ́sítéètì. Ìlà búlúù orí fóònù ní kí wọ́n wọ ọ̀nà ẹ̀yìn. Ẹ̀ka igi ńlá sì wà nílẹ̀, ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Mùsáfírù tẹ bíréèkì.

"Alájì, afárá inú ibí ti wó, ìdí tí wọ́n fi já ewé nìyí. Ẹ jẹ́ ká gba títì, kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Kí áàpù tì mí pa tó bá wù ú."

"Ẹ gba títì, ẹ jọ̀ọ́!" Toyyibah ti ń sunkún.

Alájì gbọ́wọ́ sókè. Àyà rẹ̀ ń súfèé. Ó na ìka sí ìlà búlúù náà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Tẹ̀lé e," ló wí. "Ọmọ mi ló ṣe é."

Mùsáfírù wo ewé, ó wo fóònù. Ọkùnrin tí wọ́n ti fi ṣe ẹlẹ́yà fún oṣù mẹ́rin, ojú ara rẹ̀ gan-an kò dá a lójú mọ́. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wọ́ ẹ̀ka náà kúrò lọ́nà.

Ìdí afárá ni iwájú kẹ̀kẹ́ ti rì. Kò ṣeé tì síwájú, kò ṣeé fà sẹ́yìn. Mùsáfírù pọn Alájì sẹ́yìn nínú omi tó mù ún dé ìbàdí. Kí wọ́n tó kan títì, súfèé àyà náà ti dákẹ́, Alájì sì ti kú.

5.
Akóredé fi bàtà funfun sáré dé. Ó rí ẹ̀ka igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ewé rẹ̀ kò tíì rọ.

"Kí ló dé tí ẹ ò yà?" ló ké mọ́ Mùsáfírù.

Ẹ̀yin ọmọ tí orí yín pé, tí ẹ ń jókòó sí yàrá ṣètò ayé fún ẹni tó wà lójú títì, mo kì yín fún iṣẹ́ yín. Ṣùgbọ́n ẹ bá wọn gun ọ̀nà náà nínú òjò kí ẹ tó pàṣẹ. Ẹni tó bá sì ń fi yín yangàn, ọ̀nà tí ẹ bá là ló máa gbà, kò ní bi ẹlòmíì. Ẹ má fi ẹ̀rín pa ẹnu ẹni tó mọ ibi tó jìn.

Ewé ti wà nínú áàpù náà báyìí, òun ni awakọ̀ fi ń sàmì sí ọ̀nà tó bàjẹ́. Akóredé ń gun kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú Mùsáfírù ní gbogbo ìgbà òjò. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, létí omi, ó yíjú sí àbúrò rẹ̀.

"Toyyibah, kí ni bàbá sọ?"

Toyyibah kò wo ojú rẹ̀.

"Tẹ̀lé e. Ọmọ mi ló ṣe é."