Pẹpẹ Fúyẹ́fúyẹ́

Púlọ́ńbà fi ìka kan ṣoṣo gbé pẹpẹ tuntun tí ọlọ́jà kan fẹ́ tà fún un sókè, ara sì fu ú. Ìwúwo pẹpẹ irin inú ọkọ̀ rẹ̀ ti ṣẹ́ sípíríìnì abẹ́ ọkọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá tún ṣẹ́, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n èyí fúyẹ́ jù.

“Ṣé èyí ló máa gbé páìpù mi?”

“Ẹ gùn ún wò, ẹ̀gbọ́n.”

Ó gùn ún. Kò mì.

“Ọlọ́jà kì í kúkú bú ọjà ẹ̀.” Ó yọjú wo inú ọkọ̀ ọlọ́jà. Pẹpẹ irin ló kún un bámúbámú. “Ẹ̀n-ẹ́n! Irin nìwọ fúnra ẹ ń lò!”

“Èyí tí mo tú nínú ọkọ̀ àwọn oníbàárà ni. Mò ń kó wọn lọ fáwọn tó ń yọ́ irin.”

Kó tó di ọ̀sán, ìdí ọkọ̀ púlọ́ńbà ti gbéra nílẹ̀. Ti ọlọ́jà ló ń wọ́lẹ̀ lọ, pẹpẹ irin púlọ́ńbà lókè ẹrù.