Ìyàwó Inú Kọ̀ǹpútà

“Wá wo ara rẹ!”

Onímọ̀ ẹ̀rọ fa ìyàwó rẹ̀ wá síwájú kọ̀ǹpútà. Pálọ̀ wọn gan-an ló wà níbẹ̀, tòun ti òrùlé tó ń jò. Ẹ̀dà ìyàwó náà jókòó sórí àga.

Ìyàwó gidi ní, “Ẹ kú làálàá, ọkọ mi. Ẹ ò ráyè tún òrùlé ṣe, ẹ wá ráyè fi jíjò rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà.”

“Kì í ṣe ilé nìkan. Gbogbo ọkàn rẹ ló wà níbẹ̀. Ohun tó o bá ṣe ló máa ṣe.”

Ìyàwó pòṣé. Ti inú kọ̀ǹpútà náà pòṣé.

“Ṣé ó mọ ohun tó ń bí mi nínú?”

“Kí ló ń bí ọ nínú?”

“Háà! Ohun tí ẹ ò mọ̀ náà lẹ rí kó sínú ẹ̀rọ?”

Ó wọ yàrá lọ, ó gbé báàgì jáde. “Kí ẹ̀dà mi máa bá yín gbélé.”

Ilẹ̀kùn dún gbà. Ọ̀gá onímọ̀ ẹ̀rọ rẹ́rìn-ín músẹ́, ó yíjú sí kọ̀ǹpútà. “Ó ku èmi àtìẹ, olólùfẹ́.”

Iṣẹ́ náà pé lóòótọ́. Àga inú kọ̀ǹpútà ti ṣófo, ilẹ̀kùn ibẹ̀ náà ti tì, omi sì ń kán tó, tó, nínú kọ̀ǹpútà àti ní àtàrí ọ̀gá.