Ta Ló Fi Èyí Ṣe Ayaba?

"Ta ló fi ọmọ yìí ṣe ayaba nínú eré olórin tuntun yẹn? Ohùn ẹ̀ dà bíi ti ewúrẹ́ tí òjò ń pa!"

Ẹni tó ń jẹ́ Ojú-Inú ló kọ ọ́ sójú òpó ayélujára àwọn olólùfẹ́ tíátà. Ó ń retí ìjà, èsì sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun! Ijó ẹ̀ ńkọ́? Bí ẹni tó rugi."

"Ẹ fi ewúrẹ́ sílẹ̀ jàre, kò ṣẹ̀ yín."

Ojú-Inú tún kọ ọ́ pé: "Ṣé kò sẹ́ni tó fẹ́ràn ẹ̀ ni?"

Ẹ̀rín ni wọ́n fi dá a lóhùn.

Wọ́n kanlẹ̀kùn yàrá ìmúra tó wà. "Àǹtí, èrò ti jókòó o. Ẹ̀yin ló kù."

Ó ti rò pé bí òun bá bú ara òun, wọn á gbèjà òun.

Ó dé adé ayaba, ó sì jáde lọ kọrin fún wọn.