Ẹgba Méjìlá

"Èje, ẹ̀jọ..." Kòbókò tún fọ́n ẹ̀jẹ̀ sára ògiri ilé àdúrà tí wọ́n ń de àwọn amugbó mọ́lẹ̀ sí n'Ìbafò. Ọ̀kadà kan ló dún níta, ni wọ́dà tó ń ka ẹgba náà bá dúró. Ẹ̀jọ ni àbí ẹ̀sán? Méjìlá ni Wòlíì ní kó na Dáníẹ́lì, bíi ti àwọn àpọ́sítélì. Kò gbọdọ̀ dín, kò gbọdọ̀ lé.

"Ení," ó ní, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì kan wọlé tòun ti fọ́ọ̀mù àyẹ̀wò, ó lóṣòó ti Dáníẹ́lì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣéènì tí wọ́n fi dè é.

"Àìsàn kan wà tí kì í jẹ́ kí àgbàlagbà fara balẹ̀. Ó ń ti ọ̀pọ̀ èèyàn sídìí igbó mímu. Ṣé ẹ máa ń bẹ̀rẹ̀ nǹkan, kí ẹ má lè parí ẹ̀? Ṣé ẹsẹ̀ yín kì í dúró jẹ́ẹ́?"

Dáníẹ́lì tu eyín kan dànù.

"Àǹtí, ẹ bi ẹni tó ń nà mí. Láti àárọ̀ ló ti ń ka méjìlá, kò tíì dé ẹ̀wá."

Nọ́ọ̀sì wo ẹsẹ̀ wọ́dà tó ń jó lórí sìmẹ́ńtì. Ó ṣí fọ́ọ̀mù tuntun.

"Bọ̀dá, kí lorúkọ yín?"

"Ẹ jẹ́ kí n parí eléyìí ná." Wọ́dà gbé kòbókò sókè. "Ení."