Ìpín Iléyá

Abọ́ ìrẹsì Kérésì gbóná lọ́wọ́ opó kan bó ti ń kan ilẹ̀kùn Ìyá Kúdírát, aládùúgbò rẹ̀. Láti ìgbà tí àwọn ọmọ wọn ti wà ní kékeré ni ìrẹsì ti ń kọjá sọ́hùn-ún ní Kérésì, tí ẹran àgbò sì ń kọjá wá ní Iléyá. Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí, opó náà dá ẹran padà, nítorí pásítọ̀ tuntun ní kí wọ́n má jẹ ẹ́ mọ́. Lẹ́yìn náà ló lọ bá ọmọ rẹ̀ wẹ ọmọ tuntun ní Èkó. Àná ló padà dé Adó.

Kúdírát ló ṣílẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀. "Ẹ kú ọdún, mà."

"Ìyá rẹ dà? Mo wá bẹ̀ ẹ́ ni."

Kúdírát gba abọ́, ó wọlé, ó sì gbé ìkòkò kékeré kan jáde. Ẹran àgbò gbígbẹ ló wà nínú rẹ̀.

"Ìpín yín nìyí, mà. Màmá ní kí n máa yá a níná kó má bàjẹ́, pé tó bá di Kérésì, ẹ ó wá."

"Òun fúnra rẹ̀ ńkọ́?"

"A ti sin wọ́n, mà. Oṣù tó kọjá."

Opó náà jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó bu ẹran sẹ́nu. Ó le bí igi. Ó ń jẹ ẹ́ lọ.