Àlejò Inú Ara Ìyá Àwẹ̀ró

Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, Ìyá Àwẹ̀ró á fọwọ́ lé ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀, níbi tí kíndìnrín tí ọmọ rẹ̀ yọ̀ǹda fún un kó tó kú wà, á sì kí i pé: “Àwẹ̀ró, ṣé o jíire?” Lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń ṣàyẹ̀wò ara tó sì ń sọ̀rọ̀, á jábọ̀ ohun tó ń lọ nínú ara.

Lónìí, ẹ̀gbà náà rẹ ohùn sílẹ̀: “Màmá, ẹ̀jẹ̀ yín ti ru. Àwọn ọmọ ogun tó ń lé àìsàn nínú ara yín ti dojú ìjà kọ kíndìnrín yẹn. Wọ́n ní àlejò ni. Oògùn ò ká wọn mọ́.”

Ìyá dì mọ́ ikùn ara rẹ̀, ó bú sẹ́kún.

“Àlejò kẹ̀? Ẹ̀yin ọmọ ogun yìí, ṣebí inú ara yìí náà ni Àwẹ̀ró ti gbé oṣù mẹ́sàn-án, tẹ́ ẹ ò lé e!”