Ajá Tó Ti Gba Abẹ́rẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú ẹranko, ẹ ṣọ́ra o! Bí ajá bá bu èèyàn jẹ, ẹ má wulẹ̀ fẹnu tù ú nínú. Ọṣẹ àti omi ni kí ẹ kọ́kọ́ sáré wá.

Ohun tí ìyá kan, tó ń bá dókítà ẹranko ṣiṣẹ́, ń ṣe nìyẹn. Ó ń fọ ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ tí ajá bù jẹ lábẹ́ ẹ̀rọ omi.

Aládùúgbò tó ni ajá ń rẹ́rìn-ín.

"Màmá Alábẹ́rẹ́, ṣebí ẹ̀yin náà lẹ gún ajá mi lábẹ́rẹ́ dìgbòlugi? Àbí ẹ ò fọkàn tán ọwọ́ yín ni?"

Ìyá náà pọn ọmọ, ó di ilé ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì wo ojú ọgbẹ́.

"Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ò pọ̀ nílẹ̀, màmá. Ṣé ajá náà ti gba tiẹ̀?"

"Ó ti gbà á. Èmi ni mo gún un."

"Ẹ̀rù kí ló wá ń bà yín?"

Ìyá wo ẹnu ọ̀nà, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Fíríìjì wa ti kú tipẹ́. Gbogbo oògùn inú rẹ̀ ló ti bàjẹ́. Dókítà ní kí n máa gún ajá lọ bẹ́ẹ̀, kí n panu mọ́, tí mi ò bá fẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi."

Ojú nọ́ọ̀sì yí padà.

"Ajá tiwa ńkọ́? Ẹ̀yin náà lẹ gún un! Àwọn ọmọ mi ń bá a ṣeré nílé báyìí!"

Ìyá na ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ sí i.

"Ẹ ṣáà gún ọmọ mi, nọ́ọ̀sì. Mi ò ní í sọ nǹkan kan fún ẹlòmíràn mọ́."